Ariwo Dákẹ́, Ìjà Ò Tíì Parí

Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa onígbàgbọ́, gbólóhùn kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn tó bá sáré wá làjà: "Ẹ fi ti Jésù ṣe é." Wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ ọ́ nídìí omi, wọ́n ń sọ ọ́ nínú dánfó nígbà tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá so èrò mẹ́ta pọ̀ mọ́ owó bébà kan ṣoṣo, tó ní kí wọ́n lọ pín ṣéńjì wọn láàárín ara wọn. Ẹni tójú ń tì jù nínú àwọn tó ń jà ni yóò kọ́kọ́ panu mọ́. Ẹni tójú kì í tì á máa bá tiẹ̀ lọ títí ẹnu á fi rẹ̀ ẹ́. Àwọn onílàjà á wá gbọnwọ́, wọ́n á ní ojú ti Èṣù, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó fa ìjà.

Ohun tí mo ti rí nìyí láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè mí sí ọ̀rọ̀ ní àdúgbò wa n'Íbàdàn: ó yá wa lára láti pa ariwo ju ká gbọ́ ẹjọ́ lọ. Ariwo ló ń dójú tì wá. Aládùúgbò ń gbọ́, àwọn Mùsùlùmí tó wà níwájú ilé ń wò wá, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí àwọn ọmọ Jésù bí?" Nítorí bẹ́ẹ̀, bí ilé bá ṣáà ti dákẹ́, a ti gbà pé ó parí.

Jeremáyà ti bá irú wa pàdé tipẹ́. Nínú orí kẹfà ìwé rẹ̀, ó bá àwọn wòlíì àti àlùfáà wí pé wọ́n ń wo ọgbẹ́ àwọn ènìyàn lóréfèé, wọ́n ń pariwo "àlàáfíà, àlàáfíà" níbi tí kò ti sí àlàáfíà. Ọgbẹ́ tó bá jiná lókè tó ń kẹ̀ nínú, ìyá àgbà wo ni ò mọ̀ pé ó burú ju èyí tó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ?

"Alábùkún fún ni àwọn onílàjà, nítorí ọmọ Ọlọ́run ni a ó máa pè wọ́n." Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn ẹsẹ yẹn, tó wà nínú Mátíù orí karùn-ún. N kò tíì rí kàlẹ́ńdà tó kọ ẹsẹ kẹtàlélógún àti ìkẹrìnlélógún orí kan náà sára rẹ̀, níbi tí Jésù ti ní bí o bá mú ọrẹ rẹ dé ibi pẹpẹ, tó o wá rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan nínú sí ọ, kó o fi ọrẹ náà sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó o kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Ẹ wò ó dáadáa. Gálílì ni àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí wà. Jerúsálẹ́mù ni pẹpẹ wà, ìrìn bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́sẹ̀. Èèyàn ti rìn débẹ̀, ó ti fa ẹran dání, ó ti tò lórí ìlà, ó wá rántí aládùúgbò kan nílé. Jésù ní kó padà. Kò sì sọ pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni kó padà, ẹni tí ẹlòmíì ń bínú sí ni. Ìlàjà ń náni lówó, ó ń náni lẹ́sẹ̀, kódà ó lè da ìsìn rú. Àwa tí a ń fi gbólóhùn kan parí ẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò mọ ibi tá a ti kọ́ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ iná ṣàlàyé, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ́dọ̀ wa báyìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná fi owó kún ti àwọn tí wọ́n pè ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún. Yúnìtì kan tí wọ́n ń rà ní nǹkan bí ₦68 di ₦225 lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dín in kù díẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ìjà ti wọ inú ilé ná. Bí ilé bá jẹ́ ti ẹnìkan, tí mítà jẹ́ tiẹ̀, ó mọ ohun tó ń jẹ. Ilé tí ayálégbé mẹ́fà, méje bá ti ń lo mítà kan náà, tí wọ́n jọ ń dá owó, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nígbà tí yúnìtì ṣì pọ̀ lówó pọ́ọ́kú, kò sẹ́ni tó ka iye fáànù tó wà ní yàrá ẹnìkejì. Nígbà tó gbówó lórí, gbogbo wa di ẹni tó ń yọjú wo fèrèsé ara wa.

Nínú ilé kan lẹ́yìn tiwa, Ìyá Ìbejì ń ta yìnyín àti omi tútù. Fíríìsà ńlá kan tó ti gbó wà ní yàrá ẹ̀, ó ń ké bí ẹ̀rọ ọlọ. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà ń gbé ní yàrá tó kọjú sí tiẹ̀; gílóòbù méjì, fáànù kan àti fóònù tó ń gba chájì ni gbogbo ohun tó ń lo iná lọ́dọ̀ ẹ̀. Iye kan náà ni wọ́n jọ ń dá. Bí owó iná ṣe gbẹ́nu sókè, Tíṣà ní òun ò dá mọ́. Ìyá Ìbejì ní ọmọ àná ò lè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn gbélé. Ọ̀rọ̀ dariwo, ariwo dèébú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan yọ fíúùsì yàrá Ìyá Ìbejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yìnyín tó yẹ kó gbé lọ sọ́jà ti domi nílẹ̀.

Bàbá tó dàgbà jù nínú ilé náà pe gbogbo wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí Tíṣà kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ìyá Ìbejì ní òun ti dárí jì í ní orúkọ Jésù. Gbogbo ilé ṣàmín, wọ́n gbàdúrà, wọ́n tú ká. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí fíúùsì tún fi sọnù.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí, bóyá torí pé èmi àti Ìyá Ìbejì jọ wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ní ìjọ. Mo ní mi ò fẹ́ ìpàdé kankan. Mo kọ́kọ́ lọ bá Ìyá Ìbejì ní yàrá ẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tó ń di omi sínú ọ̀rá. Mo bá a di mélòó kan. Mi ò tíì sọ nǹkan kan tó fi bẹ̀rẹ̀:

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Fíríìsà yìí ló ń sanwó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Bí mo bá ní kí n san owó iná tó tọ́ sí mi, kí ló kù tí mo fẹ́ fi ra ọ̀rá?"

Owó iná tó tọ́ sí mi. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti mọ̀. Kò lè sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀ àti gbogbo ayálégbé ti ń wò ó, torí níbẹ̀, ojú ló ń gbà, kò ráyè òtítọ́. Mo wá rí ìdí tí Jésù fi ní, nínú Mátíù orí kejìdínlógún, kí ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ kọ́kọ́ lọ bá ẹnìkejì "láàárín ìwọ àti òun nìkan". Àwa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpele tó kẹ́yìn. Ìjọ la kọ́kọ́ máa ń sọ fún, a tún máa ń fi sí orí WhatsApp ẹgbẹ́ akọrin.

Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni mo lọ tẹ̀ lé e. Mo bi í bóyá òun ló yọ fíúùsì. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn náà, èmi ni." Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Mà, kì í tún ṣe owó yẹn ló ń dùn mí mọ́. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀."

Mi ò lòdì sí ìkúnlẹ̀ o. Èmi náà kúnlẹ̀ kí ìyá mi títí ó fi lọ, ọmọ mi ń kúnlẹ̀ kí mi. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá máa ń fi ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ pa ẹjọ́ lẹ́nu. Bí àgbà àti ọmọdé bá jà, ọmọdé á dọ̀bálẹ̀ ná, a óò wá wò ó bóyá ẹjọ́ kù. Kì í sì í kù, torí pé bí ọmọdé bá ti dọ̀bálẹ̀ tán, ó ti jẹ̀bi. Onígbàgbọ́ tó bá gbé èyí wọ inú ìlàjà láìyẹ̀ ẹ́ wò á máa dá àwọn tí kò lágbára lẹ́bi, á sì máa rò pé ìrẹ̀lẹ̀ lòun ń kọ́ wọn. Bàbá ọ̀hún kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí wọ́n ṣe làjà fún òun náà nígbà tó wà ní kékeré ló ṣe làjà.

Ohun tá a wá ṣe ò ní àdúrà gígùn nínú. A ní kí gbogbo ilé pa iná wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, a fi fíríìsà nìkan sílẹ̀. Ọmọ Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú mítà, ó ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sùn, ó kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Láàárọ̀, a tún kà á. Fíríìsà yẹn nìkan, ní òru kan, jẹ ju ohun tí Tíṣà ń lò ní ọjọ́ mélòó kan lọ. Kò sẹ́ni tó jiyàn mọ́, nọ́ńbà wà lára ògiri. Ìyá Ìbejì bojú wolẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n ta á." Kò sẹ́ni tó fẹ́ kó ta á. Oníná ní kí wọ́n ra mítà kékeré kan tí yóò dá wà fún fíríìsà, kó lè máa san tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ta ni yóò ra mítà kékeré náà? Ibí yìí ni ìlàjà máa ń dákú sí. Ìyá Ìbejì ò ní in lọ́wọ́. Mo yíjú sí Bàbá, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dá ẹjọ́ yìí, sà. Ẹ jẹ́ ká jọ dá a." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ mi ti di ti lọ́yà, ṣùgbọ́n ó kiwọ́ bọ àpò. Mo dá tèmi. Ìyá Ìbejì ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Owó yìnyín tó yọ́, Tíṣà ló fúnra ẹ̀ ní òun máa san án. Kò sẹ́ni tó ní kó san án. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ tán, ó rọrùn fún un láti gba ibi tó kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ ẹ̀.

Mo máa ń rántí lẹ́tà kékeré tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì nípa Ónísímù, ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Orí kan péré ni lẹ́tà náà. Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀, ó pọ́n Fílémónì lé, ó fi ọgbọ́n sọ̀rọ̀ bí àgbà tó mọ ẹnu lò. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹsẹ kejìdínlógún, ó fọwọ́ sí owó: bí ó bá jẹ ọ́ ní gbèsè, kà á sí mi lọ́rùn. Ó tún ní ọwọ́ ara òun lòun fi kọ ọ́, òun yóò san án padà. Ẹlẹ́wọ̀n ni nígbà tó ń kọ ọ́. Èmi ò gbà pé gbogbo onílàjà ló gbọ́dọ̀ máa yọ owó, àwọn mìíràn á sọ ọ́ di oúnjẹ òòjọ́ wọn. Àmọ́ onílàjà tó bá ti pinnu látìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan tí yóò jáde lára òun, bóyá owó, bóyá àkókò, bóyá orúkọ rere lójú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, á kàn wá ẹni tó rọ̀ jù nínú wọn, á sì di ẹrù náà rù ú.

Ọ̀rọ̀ yìí yé Ábígáílì náà. Nábálì ọkọ rẹ̀ bú Dáfídì nígbà tí àwọn ọmọkùnrin Dáfídì wá tọrọ oúnjẹ, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ àwọn darandaran rẹ̀ nínú aginjù. "Ta ni Dáfídì? Ta ni ọmọ Jésè?" Dáfídì sán idà mọ́dìí pẹ̀lú irinwó ọkùnrin. Ìránṣẹ́ kan sáré wá sọ fún Ábígáílì. Kò gbàwẹ̀, kò pe ìpàdé. Ó kó igba ìṣù búrẹ́dì, ọtí wáìnì ìgò awọ méjì, àgùntàn márùn-ún tí wọ́n ti sè, àgbàdo yíyan, èso àjàrà gbígbẹ àti èso ọ̀pọ̀tọ́, ó dì wọ́n lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó sì ní kí àwọn ìránṣẹ́ máa gbé e lọ níwájú. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ Dáfídì ló kọ́kọ́ dé, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ebi ń pa àwọn ọkùnrin yẹn, ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń béèrè, Ábígáílì sì mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa ò ní gbọ́ ìwàásù lórí ìdáríjì.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà wà lápá ìsàlẹ̀. Nígbà tó padà délé, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi àsè, ó ti mutí yó. Kò sọ nǹkan kan fún un, kékeré tàbí ńlá, títí ilẹ̀ fi mọ́ tí ọtí ti dá lójú rẹ̀. Mélòó nínú wa ló mọ ìgbà tó yẹ ká dákẹ́ dàárọ̀? A máa ń fẹ́ parí ọ̀rọ̀ nígbà tí inú ń bí ẹni yẹn, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà dé, nígbà tí kò tíì jẹun, a óò wá ní ọkàn rẹ̀ le.

Ní ilẹ̀ wa níbí, àwọn Kristẹni kan ṣe iṣẹ́ onílàjà tó pọ̀ ju ti fíríìsà lọ. Nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ń ja ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ará Ìbàdàn tẹ́ ibùdó sí ìhà Igbájọ, àwọn Èkìtì sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń yìnbọn síra wọn lọ́dọọdún. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní rán Samuel Johnson, oníṣẹ́ ìjọ CMS (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), lọ sí Èkó pẹ̀lú lẹ́tà pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn dá sí i. Kò bọ́ sí i. Ó di 1886, nígbà tí Moloney jẹ́ gómìnà ní Èkó, kí nǹkan tó yí. Johnson ni wọ́n rán sí ọ̀dọ̀ Ìbàdàn, torí ó ti bá wọn gbé, wọ́n mọ̀ ọ́n. Charles Phillips, pásítọ̀ tó wà ní Oǹdó, ni wọ́n rán sí ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtì. Àwọn jagunjagun ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà láti ẹnu ẹni tí wọ́n kà sí ti ọ̀tá. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó dé ibùdó, títí wọ́n fi kéde àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ò sí ní ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé tán, ọmọ ogun ò kúrò ní ibùdó. Ó di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá, kí ibùdó tó tú. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún méje lẹ́yìn àlàáfíà. Kálukú ń wo ẹnìkejì, ta ni yóò kọ́kọ́ ká àgọ́? Ọ̀rọ̀ Mọdákẹ́kẹ́ tó wà nínú àdéhùn náà, pé kí wọ́n ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀, kò rọrùn láti mú ṣẹ. Ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tún bẹ́ ní 1981, ó tún bẹ́ ní 1997 títí wọ 2000. Nítorí náà, bí mo bá ti bá àwọn èèyàn parí ọ̀rọ̀, mo máa ń padà lọ. Mi ò ní pe ìpàdé, mo kàn máa ń yà kí wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ń sọ pé "kò sí nǹkan kan mọ́, Mọ́mì" lọ́nà tó yá jù, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò kì í gbà láti dá: ọ̀rọ̀ ogún. Àwọn kan á ní kí ló dé, ṣé onílàjà kọ́ ni mí. Mo máa ń tọ́ka wọn sí Lúùkù orí kejìlá. Ọkùnrin kan nínú èrò ní, "Olùkọ́, sọ fún arákùnrin mi kí ó pín ogún náà pẹ̀lú mi." Jésù ní, "Ta ló fi mí jẹ onídàájọ́ tàbí olùpín-ogún lórí yín?" Ọmọ Aládé Àlàáfíà kọ iṣẹ́ náà! Kò dákẹ́ o, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n kíyè sí ojúkòkòrò, ó pa òwe ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ wó àká rẹ̀ kó lè kọ́ èyí tó tóbi jù. Ohun tó ń bẹ nísàlẹ̀ ìjà ló fọwọ́ kàn. Ìpín ogún fúnra rẹ̀, ó fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ogún ní òfin àti àṣà tí onílàjà ṣọ́ọ̀ṣì ò gbọdọ̀ fò dá. Ṣé ìdí-igi ni wọn yóò fi pín in, ní iye ìyàwó, àbí orí-ó-jorí, ní iye ọmọ? Bí bàbá bá ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, tí ọ̀kan nínú ìyàwó bímọ kan péré, ẹ rí i pé ìyàtọ̀ kékeré kọ́. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ gan-an, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, ló gbé ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé ìgbìmọ̀ ilé-ẹjọ́ ní London, níbi tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà, àmọ́ tí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ó-jorí bó bá rí i pé ó tọ́. Pásítọ̀ tí kò mọ èyí, tó kàn ní kí ọmọ ìyàwó àgbà "jẹ́ onírẹ̀lẹ̀", ó ti fi Bíbélì gba ti ẹlòmíì fún ẹlòmíì. Olórí ẹbí wà, lọ́yà wà. Ní Èkó, ìjọba ti ní ibùdó ìlàjà fún aráàlú láti 1999, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni. Iṣẹ́ mi nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí àwọn ọmọ bàbá kan náà ṣì lè máa kí ara wọn nígbà tí wọ́n ń dúró de ìpín.

Obìnrin tí ọkọ ń lù, ẹ má pè mí sí "ìlàjà" rẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fẹ́ là. Ẹnìkan ń lu ẹnìkan ni. Mo ti gbọ́ kí wọ́n fi Róòmù 12:18 dá obìnrin padà sílé: ẹ máa wà ní àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo ènìyàn. Wọ́n fò ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní "bí ó bá ṣe é ṣe, bí ó ti wà ní ipa tiyín". Kò wà ní ipa tirẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007 jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ má sún mọ́ ọn, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 pè é ní ọ̀ràn, àwọn ìpínlẹ̀ sì ti ń gbà á wọlé. Bá a gbé àpò jáde, fún un ní yàrá, pe ọlọ́pàá. Bí ọkùnrin náà bá fẹ́ ronú pìwà dà, kò dìgbà tí aya rẹ̀ bá wà nítòsí tí ọwọ́ rẹ̀ á tó o.

Èmi àti àwọn èèyàn mi kan máa ń jiyàn lórí bóyá ìlàjà yọrí bí àwọn méjèèjì ò bá padà di ọ̀rẹ́. Wọ́n á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, torí náà, bí wọn ò bá ṣọ̀rẹ́, ilé kóòtù náà la ṣì wà. N kò gbà. Ní Fílípì, Pọ́ọ̀lù bẹ Éúódíà, ó bẹ Síńtíkè, ó pe orúkọ àwọn méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí ẹlẹgbẹ́ òun kan níbẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò sọ ẹni tó jẹ̀bi fún wa, kò sọ ohun tí wọ́n jà lé. Kí wọ́n ní inú kan nínú Olúwa ló bẹ̀ wọ́n fún. Òun fúnra rẹ̀ àti Bánábà jà lórí ọ̀rọ̀ Máàkù, ìjà náà le débi pé wọ́n pínyà: Bánábà mú Máàkù, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kípírù, Pọ́ọ̀lù mú Sílà, ó gba ọ̀nà Síríà. Bíbélì ò sọ pé wọ́n tún jọ rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà kejì sí Tímótì, Pọ́ọ̀lù ní kí ó mú Máàkù dání wá, nítorí ó wúlò fún òun. Ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tó fa ìjà náà, èmi ò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìgbà wo ló ń padà bá Bánábà gbé.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, láàárín arábìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, lórí owó aṣọ ẹbí tí ẹ̀gbọ́n gbà lọ́wọ́ gbogbo ẹbí fún ìsìnkú màmá wọn. Kò sẹ́ni tó rí ìwé ìṣirò. Arábìnrin yìí fẹ́ kí n kó àwọn àgbà ìjọ dání lọ ká ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mọ́lé lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní ọjọ́bọ̀ ni màá lọ, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, èmi nìkan, màá sì ní kó fi ìwé náà hàn mí. Ó ní òun á bá mi lọ. Mo ní kó jókòó sílé.